“A Dúpẹ́” Kì Í Ṣe Ìròyìn Eyín

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Àlùbáríkà,
Ìgbọ̀nà, Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 1996.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Eyín Ìtura,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ A MÁ TÍÌ YỌ EYÍN MI, ÀTI ẸJỌ́ LÓRÍ BÍ A ṢE Ń BÉÈRÈ ÀLÀÁFÍÀ LỌ́WỌ́ ÀWỌN TÍ Ń PADÀ WÁ

1. Èmi ni Abilékọ Ìwàlẹwà Adétọ́lá, ọmọ bíbí Iléṣà, tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, tí ó sì ń gbé ní Ìgbọ̀nà. Ọ̀kan ni mí lára àwọn tí ẹ ti tọ́jú ní ilé ìwòsàn yín. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ọ̀rọ̀ tó gùn mọ́ yín lọ́wọ́. Mò ń bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí dọ́kítà àgbà tí ń ti Ìbàdàn wá bá yín ṣiṣẹ́ lóṣooṣù wo eyín mi kí wọ́n tó yọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ tí yóò kẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi pé kí n wá yọ ọ́. Dọ́kítà àgbà náà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí lára àwọn tí yóò wò, nítorí ilé ìwòsàn yín gbà pé eyín mi ti san. Eyín mi kò san. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wá rí bẹ́ẹ̀ ya èmi gan-an lẹ́nu, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

2. Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, Dọ́kítà Bánjí Ògúnkúnlé dí ihò kan fún mi nínú eyín ẹ̀yìn tí ó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra ṣe é, ó sì ń fi sùúrù sọ ohun tí ó ń ṣe fún mi. Ó ní ihò náà ti jìn, pé díẹ̀ ló kù kí ó kan iṣan tí ń bẹ nínú eyín. Ó ní ó lè máa dùn mí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé bí ìrora bá ń dín kù, kí n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń pọ̀ sí i, tàbí bí ohun gbígbóná bá kàn án tí ìrora kò sì tètè lọ, kí n má ṣe jókòó sílé. Iṣan ló ń kú lọ nìyẹn. Ó ní dọ́kítà àgbà lè ṣí eyín náà, kí ó fọ inú rẹ̀ mọ́, kí ó tún un dí, eyín yóò sì dúró sẹ́nu mi. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

3. Ẹni tí ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan ni mí. Bàbá mi, tí òun náà ta aṣọ títí tí ó fi kú, a máa sọ pé bí wọ́n bá gbé aṣọ fún mi, òdì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Nítorí náà mo ń ṣọ́ eyín náà bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi tútù ni kò fẹ́. Bí mo bá mu ún, ìrora yóò ta mí, yóò sì ti lọ kí n tó gbé ife sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá la ẹnu dá oníbàárà lóhùn láàárọ̀, eyín náà ti mọ̀ pé ọyẹ́ wà níta kí awọ ara mi tó mọ̀. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni nǹkan yí padà. Omi tútù wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná ni ó di ọ̀tá. Bí mo bá mu ẹ̀kọ tán, ìrora náà yóò jókòó tì mí, bí àlejò tí a ti sìn dé ẹnu ọ̀nà tí kò lọ. Mo fi tíì dán an wò, mo fi omi gbígbóná lásán dán an wò, bákan náà ni. Ọkọ mi, Nehemiah, bi mí pé ta ni ó rán mi níṣẹ́ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ohun tí Dọ́kítà Bánjí ti sọ gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti padà sọ́dọ̀ yín.

4. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gba àwọn tí ń padà wá, bóyá ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ kò tíì jókòó síbẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wá a máa wọlé bá dọ́kítà. Ẹni tí ń padà wá a máa dúró lójú fèrèsé kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Nọ́ọ̀sì Làbákẹ́ ti ń bi í bí ó ṣe ń ṣe sí. Bí ó bá ní ó ti san, Nọ́ọ̀sì á fi àmì sí káàdì rẹ̀, ó di ilé. Bí ó bá ní kò san, wọn á ní kí ó jókòó de dọ́kítà. Ètò náà dára létí. Èrò pọ̀, dọ́kítà sì jẹ́ ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ tí mo wá ní oṣù Kìíní, nígbà tí ó kàn mí, Nọ́ọ̀sì yọjú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà ni? Eyín ńkọ́?” Mo ní, “A dúpẹ́.” Òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi àmì sí káàdì, ó sì pe ẹni tí ó tẹ̀ lé mi. Mo ti dé ìdí ọkọ̀ kí ó tó yé mi pé n kò tíì sọ ohun tí ó gbé mi wá.

5. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sọ òótọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, n kò purọ́. Ẹni tí a bá bi lórí ìdúró, lójú èrò, pé ara ńkọ́, kò lè kó àìsàn rẹ̀ dà sójú ọ̀nà. Yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ pé òun wà láàyè. Bí wọ́n bá fún un ní ìjókòó, tí ilé dákẹ́, tí wọ́n tún bi í léèkejì, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi, n kò sì rò pé wọ́n tọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ọ̀nà mìíràn.

Tèmi tún wá ju ti ẹlòmíràn lọ. Inú Ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì ni wọ́n bí mi sí ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí a bá ti gbàdúrà fún kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn náà padà. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti gbàdúrà sómi fún mi nítorí eyín yìí. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ sọ́dọ̀ yín, kò bínú. Ó ní (mo ń yí Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ sí èyí tí yóò yé gbogbo wa) kí n lọ, kí n jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ lẹ́nu mi pé kò san. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi. Mo sì fẹ́ jẹ́ ẹ.

6. Nínú oṣù Kejì mo padà wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo dúró níwájú dígí, mo ń sọ fún ara mi pé, kò san, kò san. Nehemiah gbọ́, ó ní mo dà bí ẹni tí ó fẹ́ lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni Nọ́ọ̀sì Làbákẹ́. Ó rántí mi. Ó béèrè ọkọ mi, mo ní a dúpẹ́. Ó béèrè ìyá mi, mo ní a dúpẹ́. Ó béèrè ọjà, mo ní a dúpẹ́. Nígbà tí ó máa béèrè eyín, ahọ́n mi ti mọ ọ̀nà, ibi tí ó ti ń gbà bọ̀ náà ni ó tún gbà lọ. Àmì kejì wọ orí káàdì.

Inú bí mi sí ara mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tún ń ṣe mí ní kàyéfì. Kí ló wà nínú ìbéèrè náà tí ó fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn kí ó tó sọ ọ́? Àbí èmi nìkan ni? Dípò kí n lọ sílé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò.

7. Ohun tí mo rí nìyí. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Sikirat, tí ń ta ìkòkò irin ní Ọjà Ọba, dé ojú fèrèsé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ẹni tí ó fi ẹ̀kùrọ́ pamọ́ sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì, tí ó tẹ orí ba tí ó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, kí i, ó béèrè eyín. Sikirat ní Alihamudulilahi. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Àgbà ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó fi táwẹ́ẹ̀lì di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí. Ó ní ó ń san lágbára Ọlọ́run. Òun náà lọ sílé tòun ti táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú gbogbo wa, awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mùyídéènì nìkan ni kò dúró dá ìkíni lóhùn. Kí Nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ní ó ń dùn òun, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Wọ́n jẹ́ kí ó wọlé. Àwa tó kù lórí bẹ́ǹṣì wo ara wa lójú, ìyá kan sì sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bá mi rò ó: ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni ó rí dọ́kítà lọ́jọ́ náà. Àwa ẹlẹ́kọ̀ọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, a sì ń lọ sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo sáré bá Sikirat lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í bóyá eyín rẹ̀ ti san lóòótọ́. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, “Ìkíni ni mo dáhùn. Mi ò tíì sọ tẹnu mi.” Ó rò pé wọ́n ṣì máa pe òun padà ni, ó sì ti dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè rí òun bí wọ́n bá ń wá òun.

8. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún èmi láti mọ̀. Bí oníbàárà bá tú aṣọ mi wò, tí ó ní ó dára púpọ̀, pé òun ń bọ̀, mo mọ̀ pé kò ní padà wá. Èyí tí ó bá ń bú aṣọ náà pé ó fẹ́lẹ́, pé àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí, òun ni yóò rà á. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbà á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àyè tí wọ́n ti sọ ọ́. Tí n bá ń ka gbogbo “mò ń bọ̀” sí ọjà tí mo ti tà, n kò ní pẹ́ kógbá wọlé.

9. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbójú, mo ṣe bí Mùyídéènì ti ṣe. Mo dé ojú fèrèsé, n kò kí ẹnikẹ́ni, mo ní eyín ń dùn mí. Ojú Nọ́ọ̀sì Làbákẹ́ yí padà, ojú sì tì mí débi pé n kò lè wo bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n wọlé.

Dọ́kítà Bánjí wo káàdì mi kí ó tó wo ẹnu mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ pé ó san, pé ó lè jẹ́ ìrora tuntun ni èyí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù lásán. Ó fi irin kékeré kan kan eyín náà, mo fò lórí àga. Ó ní òun gbà pé ó ń dùn mí lónìí. Ṣùgbọ́n òfin ilé ìwòsàn ni pé ẹni tí ìrora rẹ̀ kò dáwọ́ dúró láti ìgbà tí wọ́n ti dí eyín rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ fún dọ́kítà àgbà, nítorí àyè kò tó. Káàdì sì ń sọ pé tèmi dáwọ́ dúró. Ohun tí ó kù tí òun lè ṣe fún mi ni kí òun yọ ọ́. Ó wá fi kún un pé ẹni tí eyín ń dùn kì í dúpẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí fún èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí mo wọlé, mo ti kí Dọ́kítà pé ẹ kú iṣẹ́, ṣé ara le. Ọ̀fìnkìn ń bá a jà lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ ti há, áńkáṣíìfù kò kúrò nímú rẹ̀. Ó sì dá mi lóhùn pé, “A dúpẹ́, mà.” Mo rán an létí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣe òfin, Ìgbìmọ̀ nìkan ló lè yẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ̀wé sí yín, kí n sì tètè kọ ọ́.

10. Ìdí tí n kò fi lè gbà kí wọ́n yọ ọ́ nìyí. Nígbà tí mo wà ní ọmọge ní Iléṣà, wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn fún mi lápá òsì títí kò fi ku ọ̀kan. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé wọ́n lè tún eyín ṣe. Láti ìgbà náà apá ọ̀tún nìkan ni mo fi ń jẹun, eyín yìí sì ni òpó ibẹ̀. Bí ó bá lọ, èyí tí ó wà lókè rẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò bá pàdé mọ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni Ìjẹ̀ṣà fẹ́ fi eyín ṣe, ṣebí iyán ni oúnjẹ wọn. Lóòótọ́, iyán kò nílò eyín, ṣùgbọ́n ẹran tí ó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ nílò rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Mo ń wo ìyá mi bí ó ṣe ń gbé àgbàdo yíyan fún àwọn ọmọ mi, tí ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, tí ó ń bi wọ́n bóyá ó dùn. Òun ti dàgbà, ó yẹ ẹ́. Èmi kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Eyín tí wọ́n bá yọ lẹ́nu àgbà kì í tún hù, bí a bá sì wá rí i lẹ́yìn náà pé ó ṣeé tọ́jú, kò sí ìwé tí mo lè kọ sí ẹnikẹ́ni mọ́.

11. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tìtorí ìwé yìí bá Nọ́ọ̀sì Làbákẹ́ wí. Ní ọjọ́ tí mo jáde lọ́dọ̀ Dọ́kítà, mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú pé n kò kí i. Ó ní kò burú. Mo wá bi í, nítorí ó wù mí láti mọ̀, bí ó ṣe ń mọ̀ bí ara àwọn ará ilé rẹ̀ bá ti yá lóòótọ́. Ó ní, “Nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń bi ìyá mi kí n tó gbà á gbọ́. Níbí, èrò pọ̀ jù.” Ó wo ìlà àwọn tó dúró lẹ́yìn mi, ó sì ké sí ẹni tí ó kàn. Bí ó ṣe sọ ọ́ fi hàn mí pé ó ti pẹ́ tí òun náà ti mọ̀, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó ráyè.

12. Nítorí náà, mò ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé:

(a) kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n fagi lé àmì méjèèjì tí ó wà lórí káàdì mi, kí wọ́n kọ orúkọ mi fún dọ́kítà àgbà, kí wọ́n sì dá eyín yìí sí títí yóò fi wò ó. Bí òun náà bá ní yíyọ ló kù, n óò gbà, n kò sì ní yọ yín lẹ́nu mọ́;

(b) kí wọ́n má ṣe máa béèrè eyín mọ́ ìkíni lójú fèrèsé. Kí wọ́n kí ènìyàn tán, kí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó, kí wọ́n wá bi í pé apá wo ni ó fi jẹun láàárọ̀ yìí, àti pé nígbà tí ó mu ohun gbígbóná gbẹ̀yìn, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ti dán ìbéèrè yìí wò lọ́jà lára àwọn tí mo mọ̀ pé eyín ń dùn. Kò sí ẹni tí ó fi ọpẹ́ dá a lóhùn. Olúkúlùkù ló na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀;

(d) kí wọ́n wá Sikirat àti bàbá tí ó di táwẹ́ẹ̀lì mọ́ orí lọ. N kò mọ orúkọ bàbá náà, ṣùgbọ́n káàdì wọn wà lọ́wọ́ yín. Àwọn méjèèjì kò ní kọ̀wé sí yín.

13. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá gbà kí dọ́kítà àgbà rí mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, n óò ti jókòó sórí àga kí ó tó wọlé, n óò sì ti la ẹnu mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe kí mi. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ yìí kò dára létí, àti pé bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo kọ ọ́, yóò bi mí pé ilé ta ni mo ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ara mi. Bí ó bá kí mi, n óò dá a lóhùn. Kí ó kọ́kọ́ wo eyín mi. Bí ó bá wò ó tán, kí a wá kí ara wa.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi tí mò ń retí ìdáhùn yín, tiyín ni mo jẹ́,

Ìwàlẹwà Adétọ́lá (Abilékọ),
Olùtajà aṣọ, Ọjà Ọba, Òṣogbo.